Ọta, Ọ̀nà Jíjìn àti Ìdánilójú: Àlàyé lórí Yíyan Ọta Ìbọn fún Ọdẹ Àgbọ̀nrín ní Agbègbè Ọ̀fà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí bí ọdẹ ṣe ń yan ọta ìbọn fún àgbọ̀nrín àti àwọn ẹranko tí ó jọ ọ́, pàápàá nígbà tí ẹran bá jìnnà sí ọdẹ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí igbó àti ọ̀dàn tí ó yí ìlú Ọ̀fà ká ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ibi tí ọta lè fò dé yàtọ̀ sí ibi tí ọdẹ ti lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹran yóò kú lójú ẹsẹ̀. Èyí èkejì ni ó yẹ kí ó darí ọdẹ nígbà tí ó bá ń yan ọta. Ní ìparí, iṣẹ́ náà tọ́ka sí bí olùkọ́ ṣe lè fi ìmọ̀ yìí kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá.

1.0 Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ ohun ìjà tí ń fò lọ bá ẹran kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀fà. Ìtàn àbáláyé sọ pé Ọlálọ́mí Ọlọ́fàgangan, ọmọ ọba láti Ọ̀yọ́, ni ó tẹ ìlú náà dó. Ọdẹ tí ó mọ ọfà í ta ni ìtàn pè é, ọfà náà ni wọ́n sì so mọ́ orúkọ ìlú. Èdè Yorùbá pàápàá pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọfà ni ènìyàn ń ta, ìbọn ni ènìyàn ń yìn. Síbẹ̀, ẹni tí ìbọn rẹ̀ kì í ṣìnà ni Yorùbá ń pè ní atamátàsé. Orúkọ yìí ti inú ayé ọfà bọ́ sínú ayé ìbọn láìpààrọ̀ aṣọ.

Ọfà kì í lọ jìnnà. Nítorí náà, ọdẹ ọlọ́fà ní láti rá pálá sún mọ́ ẹran, kí ó sì mọ ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí ìbọn dé, ó dà bí ẹni pé ìsúnmọ́ ẹran kò pọn dandan mọ́. Èrò yìí ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ọdẹ lọ́nà, òun sì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ewu bí ọdẹ bá ṣi ọta yàn. Èkíní, ẹran tí ọta kò pa yóò gbé ọgbẹ́ sá wọ inú igbó, yóò máa jẹ̀rora títí yóò fi kú síbi tí ọdẹ kò ti ní rí i. Èkejì, ọta tí ó kọjá ẹran lè bá àgbẹ̀ nínú oko. Ẹ̀kẹta, òjé tí ó fọ́ sínú ẹran lè bá ọbẹ̀ dé inú àwo ọmọdé.

2.0 Àgbọ̀nrín àti Ilẹ̀ tí Ó ń Gbé

Ẹranko tí àwọn ìwé ọdẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù sábà máa ń sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe àgbọ̀nrín ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ìwo ẹlẹ́ka ni ti wọn. Ó máa ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù dípò rẹ̀. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kò sí ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ìhà Àlùjíríà àti Tùnísíà ni ẹ̀yà rẹ̀ kan ń gbé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àgbọ̀nrín ní tirẹ̀ jẹ́ ìbátan màlúù àti ewúrẹ́. Ìwo rẹ̀ kì í já bọ́, akọ ni ó sì sábà máa ń ní in. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ilà àti tóótòòtó funfun wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọta tí ìwé òkè òkun yìn lè máà bá ẹran ilẹ̀ yìí mu. Akọ àgbọ̀nrín tí ó ti gbó lè ju kílógíráàmù 40 lọ. Ẹtu kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílógíráàmù 10 lọ. Ọta tí yóò wó àgbọ̀nrín sílẹ̀ wẹ́rẹ́ lè fa ẹtu ya débi pé kò ní sí ẹran tí ó wúlò lára rẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọdẹ ń wá lára ẹran ni ẹ̀yìn apá iwájú, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Lára àgbọ̀nrín, ibẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Bí ọta bá wọ ibẹ̀, ẹran kì í lọ jìnnà kí ó tó ṣubú. Bí ó bá jẹ́ ikùn tàbí itan ni ó bà, ìyà ni fún ẹran, òfo ni fún ọdẹ.

Ilẹ̀ tí ó yí Ọ̀fà ká jẹ́ ọ̀dàn tí igi àti koríko dàpọ̀ sí. Ní àsìkò òjò, koríko lè ga ju ènìyàn lọ, ojú kì í sì í ríran jìnnà. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí iná bá ti jó ìgbẹ́, ilẹ̀ a ṣí sílẹ̀, ọdẹ a sì lè rí ẹran ní òkèèrè. Ṣùgbọ́n àárín oko ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà wà: oko iṣu, oko àgbàdo àti oko ọ̀dùnkún tí wọ́n fi mọ Ọ̀fà. Ibi tí ọdẹ ti rí ẹran ní òkèèrè ni ènìyàn náà lè wà ní òkèèrè.

Ìmọ̀ ìwà ẹran ti wà nínú àṣà ọdẹ tipẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, fi hàn pé àwọn ọdẹ ní oríkì fún ọ̀pọ̀ ẹranko, tí ó ń ṣàpèjúwe ìrìn wọn, àwọ̀ wọn àti ìṣe wọn. Ẹni tí ó mọ ibi tí ẹran ń gbà lọ mu omi yóò lè dúró dè é nítòsí. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dín ọ̀nà tí ọta yóò rìn kù.

3.0 Ìbọn Mẹ́ta àti Ọta Wọn

3.1 Ṣakabùlà

Ṣakabùlà ni ìbọn tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ ọdẹ ìbílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í: ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà èdídí, lẹ́yìn náà ọta. Ọta náà lè jẹ́ òjé tí wọ́n yọ́ dà tàbí irin wẹ́wẹ́. Inú ọ̀pá rẹ̀ dán gbọọrọ, ọta kì í sì í fún mọ́ ọn dáadáa. Nítorí náà, apá kan agbára ẹ̀tù a gba ẹ̀gbẹ́ ọta sá lọ, ọta a sì máa fì sọ́tùn-ún fì sósì bí ó ti ń jáde. Irin wẹ́wẹ́ tí kò rí roboto tún burú jù, nítorí pé atẹ́gùn kì í jẹ́ kí ó lọ tààrà, kì í sì í pẹ́ tí eré rẹ̀ fi ń dínkù. Ìbọn ìtòsí ni ṣakabùlà. Ọdẹ tí ó bá fi ṣe ti ọ̀nà jíjìn ń ta tẹ́tẹ́ ni.

3.2 Ìbọn oníkátíríìjì

Nínú kátíríìjì, ẹ̀tù, èdídí àti ọta ti wà papọ̀ láti ilé iṣẹ́. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti gọ́ọ̀jì 12. Ìtumọ̀ 12 yìí ni pé bí wọ́n bá fi òjé pọ́n-ùn kan, ìyẹn gíráàmù 454, ṣe ọta roboto 12 tí ó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rẹ́gí pẹ̀lú inú ọ̀pá ìbọn náà. Ìdí nìyí tí ẹnu gọ́ọ̀jì 12 fi fẹ̀ ju ti gọ́ọ̀jì 20 lọ.

Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí ó wà lára kátíríìjì ń sọ bí ọta inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ní ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òjé áúnsì kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 28, ni ìpìlẹ̀ ìṣirò náà. SG jẹ́ ọta 8 nínú áúnsì kan, SSG jẹ́ 15, AAA jẹ́ 35, BB jẹ́ 70, nọ́ńbà 5 sì jẹ́ 220. Ìwúwo àpapọ̀ kò yí padà. Bí wọ́n ṣe pín in ni ó yàtọ̀. Ọta SG kan wúwo tó gíráàmù 3.5, ti AAA tó gíráàmù 0.8, ti nọ́ńbà 5 kò ju gíráàmù 0.13 lọ.

Ọta nọ́ńbà 5 pọ̀ púpọ̀, ó sì dára fún àparò àti ẹtù, nítorí pé ara ẹyẹ fẹ́lẹ́. Lára àgbọ̀nrín, awọ ni yóò há sí. AAA lè tó fún ẹtu nítòsí. SG tàbí SSG ni ó ní ìwúwo tí yóò wọ àyà àgbọ̀nrín. Kátíríìjì mìíràn tún wà tí ó ní ẹyọ ọta ńlá kan ṣoṣo. Wilhelm Brenneke, ará Jámánì, ṣe irú rẹ̀ kan tí ó lókìkí ní 1898. Ẹyọ ọta bẹ́ẹ̀ kì í fọ́nká, ó sì ń jẹ́ kí ìbọn oníkátíríìjì lè ṣiṣẹ́ jìnnà ju ti ọta wẹ́wẹ́ lọ.

3.3 Ìbọn ráífù

Ohun tí ó ya ráífù sọ́tọ̀ ni àwọn ilà tí wọ́n gbẹ́ yípo sínú ọ̀pá rẹ̀. Ilà wọ̀nyí a máa mú kí ọta pòyì bí òkòtó. Bí òkòtó kì í ṣeé ṣubú nígbà tí ó bá ń pòyì, bẹ́ẹ̀ ni ọta tí ń pòyì kì í takìtì lójú ọ̀nà. Èyí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè ṣe ọta gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tí atẹ́gùn kì í tètè dá dúró.

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí iṣẹ́ ráífù rí. Nínú ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tí ó wà ní Èkó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti ní ìbọn ráífù bíi Snider àti Martini-Henry. Ìbọn wọ̀nyí ń pa ènìyàn láti ibi tí ṣakabùlà àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kò lè dé. Ìró ìbọn ni ìtàn sọ pé wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ní sáà kan náà ni àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Ọ̀fà, títí ìlú náà fi ṣubú ní 1890. Ẹ̀kọ́ ogun Kírìjì ni pé ọ̀pá ìbọn àti ọta ni ó ń mú ọ̀nà jíjìn ṣeé ṣe, kì í ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀tù.

4.0 Ìṣirò Ọ̀nà Jíjìn

Ohun mẹ́ta ni ọ̀nà jíjìn ń ṣe sí ọta: ó ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́ ká, ó ń gba agbára ọta, ó sì ń fa ọta sílẹ̀.

Ní ti ìfọ́nká, ọta inú kátíríìjì a máa fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún mítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ìbọn tí wọ́n fún pọ̀ lè dín in kù. Ní mítà 16, ọta yóò fọ́n sínú òbírípo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Àyà àgbọ̀nrín tí ọdẹ ń wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Ìdajì ìbú ni èyí, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ni ní ìwọ̀n àyè. Bí ọta SG 8 bá tàn káàkiri dọ́gbadọ́gba, méjì ni yóò bà síbi tí ó yẹ. Ní mítà 32, òbírípo náà ti di sẹ̀ǹtímítà 80, àyà ẹran sì ti di ìdá kan nínú 16. Ìdajì ọta ni ó kàn án, ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè máà sí rárá. Ọ̀nà di ìlọ́po méjì, ìrètí di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọdẹ tí ó bá sọ pé òun yóò yan ọta kékeré kí ó lè pọ̀ sí i yóò rí i pé èyí tí ó bà kò ní agbára láti wọlé.

Ní ti agbára, ìdajì ìwúwo ọta ni wọn yóò fi ṣe ìsọdipúpọ̀ eré rẹ̀ lọ́nà méjì. Ọta gíráàmù 10 tí ń sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní agbára júùlù 3,200. Nígbà tí atẹ́gùn bá ti dín eré rẹ̀ kù sí mítà 400, agbára rẹ̀ ti di júùlù 800. Ìdajì eré ni ó sọnù, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára ni ó lọ.

Ní ti ìfàsílẹ̀, ilẹ̀ a máa fa ọta bí ó ti ń fa èso tí ó já lórí igi. Ọta ráífù tí ó bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 0.12 dé mítà 100 yóò ti sọ̀kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí ọ̀nà tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Bí ó bá lo 0.4 kí ó tó dé mítà 300, yóò ti sọ̀kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 78, èyí tí ó tó gíga àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀. Ọdẹ tí ó bá ṣi ìwọ̀n ọ̀nà kà yóò bà á lẹ́sẹ̀ tàbí kí ó tàsé pátápátá. Atẹ́gùn ọyẹ́ tún lè tì í sí ẹ̀gbẹ́. Àgbọ̀nrín pàápàá kò dúró bí ère. Bí ó bá ń rìn mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò ti kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 40 kí ọta tó dé.

5.0 Bí Wọ́n Ṣe Ṣe Ọta Ráífù

Ọta ráífù méjì lè wúwo bákan náà kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Èyí tí wọ́n fi bàbà bo orí rẹ̀ tán kì í yí padà nínú ara ẹran. Ihò tóóró ni yóò dá lu, yóò sì jáde ní òdì kejì pẹ̀lú agbára púpọ̀. Èyí tí wọ́n fi orí òjé rẹ̀ sílẹ̀ láìbò, tàbí tí wọ́n gbẹ́ ihò sí orí rẹ̀, a máa là bí òdòdó nígbà tí ó bá wọ ara ẹran. Ọgbẹ́ rẹ̀ a fẹ̀, ẹran a sì tètè kú.

Ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Hague ní 1899 fòfin de ọta tí ń là lójú ogun, nítorí ìyà tí ó ń fi jẹ ènìyàn. Òfin ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Òfin wọn ti 1991 lórí ẹranko oníwo ẹlẹ́ka pàṣẹ pé ọta tí ń là nìkan ni kí ọdẹ ráífù lò, pé ihò ọ̀pá ìbọn kò gbọdọ̀ kéré sí ínǹṣì 0.240, pé agbára ọta ní ẹnu ìbọn kò sì gbọdọ̀ kéré sí júùlù 2,305. Ohun tí òfin ogun kà sí ìkà, òfin ọdẹ kà á sí àánú, nítorí pé ikú kíákíá sàn fún ẹran ju ìrora pípẹ́ lọ.

Ọta tí ń là náà ní ààlà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn nílò eré tó nǹkan bíi mítà 550 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí wọ́n tó lè là dáadáa. Bí ẹran bá jìnnà jù, ọta yóò dé, ṣùgbọ́n kò ní là. Bí ẹran bá sún mọ́ jù, tí ọta sì rọ̀, ó lè fọ́ sí èjìká kí ó tó dé ọkàn. Irú èyí ṣẹlẹ̀ sí John Nosler, ọdẹ ará Amẹ́ríkà, ní Kánádà ní 1946. Ọta rẹ̀ ń fọ́ lára ẹranko ńlá kan tí ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ awọ rẹ̀. Ó padà sílé, ó ṣe ọta tí ògiri bàbà pín inú rẹ̀ sí méjì: apá iwájú ń là, apá ẹ̀yìn kì í fọ́. Ní 1948 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Nítorí náà, ìbéèrè ọdẹ tí ó gbọ́n ni pé: báwo ni ọta yìí yóò ṣe máa sáré tó nígbà tí ó bá dé ara ẹran?

6.0 Òjé Nínú Ẹran

Òjé wúwo, ó rọ̀, kò sì wọ́n, ìdí nìyí tí ó fi gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010 fi bí ó ti le tó hàn: eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Ti ọta kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọta òjé tí ń là a máa fọ́n èérún tí ojú kò lè rí sínú ẹran, ó sì lè jìnnà sí ojú ọgbẹ́. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fòfin de ọta òjé fún gbogbo ọdẹ láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2019. Ọta bàbà pọ́ńbélé ni ọ̀pọ̀ ọdẹ fi rọ́pò rẹ̀. Kì í fọ́, ṣùgbọ́n ó le ju òjé lọ, ó sì nílò eré kí ó tó là.

Ẹni tí ó bá ń lo òjé gbọ́dọ̀ gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù dáadáa, kí ó má sì fi í fún ajá. Ẹni tí ń yọ́ òjé dà gbọ́dọ̀ ṣe é ní gbangba ìta, jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀, ọmọdé àti aboyún.

7.0 Òfin àti Ohun tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹran

Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí. Ráífù ológun tí ihò ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.62, mílímítà 9 tàbí ínǹṣì 0.300 jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú. Ìbọn oníkátíríìjì tí kì í dá ara rẹ̀ kì, àti ráífù ọdẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n dárúkọ, nílò ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà náà nílò ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ kíyèsí i pé ínǹṣì 0.300 àti mílímítà 7.62 kò yàtọ̀, nítorí pé ínǹṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4. Púpọ̀ nínú ọta tí ìwé òkè òkun ń yìn fún ọ̀nà jíjìn wà ní ìwọ̀n yìí, nítorí náà kò yẹ kí ọdẹ ilẹ̀ yìí máa wá wọn.

Lẹ́yìn òfin ìjọba, òfin ilẹ̀ wà. Ọta ráífù kékeré jù lọ, ti ínǹṣì 0.22, lè fò tó kìlómítà méjì. Ti àgbọ̀nrín lè kọjá kìlómítà mẹ́ta. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi ti Ọ̀fà, oko àti abúlé lè wà láàárín ìwọ̀n yẹn. Ọdẹ tí ó bá gun pẹpẹ orí igi ní àǹfààní méjì: ẹran wà nítòsí, ọta sì ń lọ sí ilẹ̀. Ẹni tí ó yìnbọn láti orí ilẹ̀ sí ẹran tí kò sí òkìtì lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò gba ìyókù ọta náà.

8.0 Ìwúlò fún Olùkọ́

Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àkọlé yìí fún olùkọ́ ní irin iṣẹ́ mẹ́ta.

Èkíní ni ohùn ọ̀rọ̀. Ẹtu ni ẹran, ẹ̀tù ni ohun tí ń bú nínú ìbọn, ẹtù ni ẹyẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi àmì sí i yóò kọ̀wé pé ọdẹ ki ẹran sínú ìbọn.

Èkejì ni ìṣirò ìfọ́nká. Olùkọ́ lè tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri láti mítà kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ìbú ìmọ́lẹ̀ náà, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n láti mítà méjì. Wọn yóò rí i pé ìbú di ìlọ́po méjì, àyè di ìlọ́po mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ sì ṣá. Ohun tí ó ṣe ìmọ́lẹ̀ ni ó ṣe ọta.

Ẹ̀kẹta ni ìwà. Kò sí ìdí kankan fún ìbọn tàbí ọta láti wọ kíláàsì. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí wọ́n kọ ọ́ sí òun?

9.0 Ìgúnlẹ̀

Àlàyé inú iṣẹ́ yìí fi hàn pé kò sí ọta kan tí ó dára fún gbogbo ẹran àti gbogbo ọ̀nà. Ní agbègbè Ọ̀fà, níbi tí koríko ga, tí oko pọ̀, tí ṣakabùlà àti ìbọn oníkátíríìjì sì wọ́pọ̀, SG tàbí SSG ni ó yẹ àgbọ̀nrín, láàárín nǹkan bíi mítà 20. Ẹyọ ọta kan lè lọ jìnnà díẹ̀ sí i. Ọdẹ tí ó ní ráífù pẹ̀lú ìwé àṣẹ yóò yan ọta tí ń là, yóò mọ eré tí ó nílò, kò sì ní yìn ín àfi bí òkìtì bá wà lẹ́yìn ẹran. Bí ẹran bá kọjá ibi tí ìdánilójú mọ, ọta tí ó dára jù ni èyí tí ọdẹ kò yìn. Yóò sún mọ́ ọn, tàbí kí ó jẹ́ kí ó lọ.